Gbèsè Àparò

Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ láti Iléṣà dé òkè ọya,
ó tà á láwìn;
nígbà tí ọjọ́ owó pé, ó lọ ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni n ó wà títí n ó fi gbowó mi."

Èmi náà ṣó láàárọ̀ yìí
ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọ̀kùn,
níwájú àgò onípákó alájà mẹ́ta.
Àparò mẹ́tàdínláàádọ́ta ń wò mí,
ojú wọn dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin.

Oṣù méjì ni wọ́n ti ń jẹ mí lówó.
Àpò oúnjẹ wọn wọ́n bí ojú,
ohun tí wọ́n sì fi ń san án
ni ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìlérí ọ̀lẹ.
Mo fọ́ ọ̀kan sínú àwo tánganran:
funfun rẹ̀ ń ṣàn kiri bí aláìnílé,
pupa rẹ̀ ò pupa,
ó rí bí oṣùpá tó gbàgbé wọlé
tí oòrùn fi ká a mọ́ ojú ọ̀run.

Ìbídùnmọ́yè àbúrò mi tẹjú mọ́ ọn títí.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ẹ fún ní àgbàdo gbígbẹ lásán,
kí lẹ fẹ́ kó fi kun ilé ọmọ rẹ̀?"

A já ewé mòrínga lẹ́bàá ògiri Bàbá Fápohùndà.
Abẹ́ òrùlé la sá a sí, a ò sá a sóòrùn;
oòrùn a máa yá àwọ̀ ewé, kì í dá a padà.
A bẹ́ atalẹ̀ pupa,
ó kun èékánná mi bí ẹni lé làálì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
A gún aáyù.
Aáyù ni mo fi ṣàṣejù.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọ Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ gbé ọgbọ̀n ẹyin padà wá:
"Màámi ní ẹyin yín ń rùn bí ọbẹ̀ àná."
Mo gba ẹyin mi, mo gba ìtìjú mi.

Mo dín in kù:
ṣíbí tíì kan péré sí kóńgò oúnjẹ márùn-ún.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé
pẹ̀lú gègé pupa tí mo fi máàkì iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo fọ́ òmíràn.
Ẹ wá wo pupa!
Bí àgbálùmọ̀ tó já fúnra rẹ̀ lóṣù kejì.
Funfun dúró gbọn-in, ó gbá a mọ́ra.

N kò ní purọ́. Iye ẹyin ò lé:
mẹ́rìndínlógójì lánàá, mẹ́rìndínlógójì lónìí,
èèpo sì ń sán lábẹ́ àtàǹpàkò síbẹ̀.
Ewé kì í ṣe òkúta;
ìkarahun ìgbín tí a gún kúnná ló bá wa tún ìyẹn ṣe.
Ìbídùnmọ́yè ò fẹ́ kí n sọ ọ́,
ó fẹ́ kí gbogbo ògo jẹ́ ti ewé.

Ayé ń fi aṣọ àparò ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó pọ́n.
Ẹ wo ẹyin rẹ̀:
àdìrẹ ni, kò sí méjì tó jọra.
Wọ́n tún ní gbogbo àparò ló ga bákan náà.
Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò ì gbé òṣùwọ̀n wọ àgò mi rí.
Eléyìí tó wà ní àjà kẹta, tó ń tiro,
gíráàmù méjìlá ààbọ̀ lẹyin rẹ̀ wọ̀n.

Òun ló ṣó sí igun yẹn,
ó fi ìyẹ́ lélẹ̀, ó dákẹ́.
Èmi náà ṣó. Orúnkún mi ń ké.
Mo tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ wáyà.
Nínú àwa méjèèjì, ta ni olówó,
ta ni onígbèsè?

Ẹyin bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gbóná, ó tutù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Kò tilẹ̀ wò ó.
Ọwọ́ mi kejì ló ń wò.